Àwọn Apààyàn Tí Bàbá Ìbejì Mú

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún Bàbá Ìbejì ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ aago. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó sídìí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, awò kékeré lójú ọ̀tún, ẹ̀mú tín-ín-rín lọ́wọ́, tó ń yọ eruku kúrò nínú aago ọwọ́ àwọn ẹlẹ́ni-ẹlẹ́ni. Tó bá ti palẹ̀ iṣẹ́ mọ́, ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló kàn. Kò fẹ́ ìwé ìfẹ́, kò fẹ́ ti ìṣèlú. "Ṣé wọ́n pa ẹnikẹ́ni níbẹ̀?" ló máa ń bi ẹni tó ń tàwé. Tí wọn ò bá pa ẹnì kankan, á dá a padà, á máa lọ.

Tó bá ku orí kan kí ìwé parí, á pa á dé, á dárúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi náà, lẹ́yìn náà ló tó máa ṣí i. Nígbà yẹn, ká sọ tòótọ́, ó máa ń gbà á, ó sì máa ń ṣì í.

Àfi bí ojú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó kọ́kọ́ rò pé awò ló dọ̀tí. Kí ọdún tó yí po, kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́, wọ́n sì gbé tábìlì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ló wá gba ìwé kíkà ṣe. Orí kan lójúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Tó bá ku orí kan, á dúró, á ní, "Bàbá Ìbejì, ta ni?" Bàbá á họ irùngbọ̀n, á dárúkọ. Ìwé àkọ́kọ́, ó gbà á. Ìkejì, ó gbà á. Ọdún mẹ́rin, ọgbọ̀n ìwé, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ṣé ẹ rí ohun tí èyí ṣe fún un? Ẹni tó ti ń sọ fún àwọn ìbejì lórí fóònù pé òun ti di ẹrù sọ́wọ́ ìyá wọn, òun náà ló tún gbé ọ̀pá, tó ń yan lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ nísàlẹ̀ ilé wọn. Ó ní ojú tó lọ ló jẹ́ kí ọpọlọ òun là. Ó ní nígbà tí òun ń ríran, ìran wíwò ló ń dí òun lọ́wọ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ níbẹ̀, orí rẹ̀ á sì wú. Ọkàn ọkùnrin náà ti balẹ̀, ó ti gba kámú.

Ní Sátidé kan, tẹlifíṣọ̀n onígbàjámọ̀ ń ṣe fíìmù kan: dókítà àgbà tí wọ́n fún ní májèlé ní ilé ìwòsàn tirẹ̀. Gbólóhùn mẹ́ta ni Bàbá gbọ́ tó fi mọ̀ ọ́n. Ìwé tí wọ́n parí lóṣù tó kọjá ni. "Ẹ má da ara yín láàmú," ló wí. "Apòògùn ni." Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ má ba fíìmù jẹ́ fún àwọn. Nígbà tó parí, onígbàjámọ̀ húkọ́ díẹ̀. "Bàbá, nọ́ọ̀sì àgbà ni o." Ẹ̀rín sọ. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn onífíìmù ló yí i padà.

Ṣùgbọ́n nǹkan náà ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Gbogbo fíìmù náà bá ìwé mu délẹ̀, kí ló wá dé tó jẹ́ pé ìparí nìkan ni wọ́n yí? Ní ọjọ́ Ajé, ó fọwọ́ wá ìwé náà lórí pẹpẹ, ó mú méjì sí i, ó gbé wọn lọ bá onígbàjámọ̀ kó tó ní oníbàárà. "Orí tó kẹ́yìn ni kó o kà fún mi." Nọ́ọ̀sì àgbà ni. Nínú ìkejì, Bàbá ti mú ẹni tó ń tọ́jú ọgbà. Ìwé ní opó ni. Nígbà tó fi máa ka ìkẹta tán, onígbàjámọ̀ ò lè rẹ́rìn-ín mọ́. "Bàbá, ṣé kí n mú yín délé?"

"Mo mọ̀nà."

Ìyá Ìbejì ń lọṣọ. Bàbá gbọ́ bí áyọ́ọ̀nù ṣe dúró nígbà tó to ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí aṣọ. "Kà wọ́n fún mi bí wọ́n ṣe wà."

Obìnrin náà gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìgbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ ti ọsibítù dé, ọjọ́ mẹ́ta lẹ ò fi jẹun. Ẹ ṣì í nínú ìwé àkọ́kọ́, mo wo ojú yín, mi ò lè sọ ọ́. Mo ní ti ọjọ́ yẹn nìkan ni."

"Ọgbọ̀n ìwé, Ìyá Ìbejì."

"Inú yín ń dùn."

"Bí inú ọmọ tí bàbá rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣubú fún nínú ìjàkadì."

Irọ́ náà dùn ún, ṣùgbọ́n àánú tó wà nídìí ẹ̀ ló gún un lọ́kàn. Ẹni tó fi ṣe ojú ara rẹ̀ ló jókòó tì í lọ́sàn-án gangan, tó ń fi ohùn tíṣà hun ọ̀rọ̀ sẹ́nu àwọn tí wọn ò pa ẹnì kankan, tí wọ́n á sì máa sunkún jẹ́wọ́. "Mélòó ni mo gbà ní ti gidi?"

"Mẹ́fà."

Kò tiẹ̀ rò ó kó tó dáhùn. Àṣé ó ti ń máàkì rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Bàbá ò fi gbọ́ ìwé, kò sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sán wá gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí Ìyá Ìbejì gbé ìwé tuntun dé, tó sì búra pé bó ṣe wà lòun máa kà á, Bàbá ní kó máa kà á. Ó gbọ́ ọ bí ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ wà ní kóòtù. Ó ku orí kan. "Dẹ́rẹ́bà ni," ló wí.

Ìyá Ìbejì kà á títí dé òpin, dẹ́rẹ́bà sì jẹ́wọ́. "Ẹ gbà á, Bàbá Ìbejì. Mo fi àwọn ọmọ wa búra, ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn." Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

Bàbá fetí sí ohùn náà dáadáa. Bó ṣe gbọ̀n náà nìyẹn nígbà tó ń ka ìjẹ́wọ́ apòògùn. "O ṣeun," ló wí, ó sì ní kó lọ to ìwé náà mọ́ àwọn yòókù.