Igbà Tó Gun Èkó

Ọ̀pẹ ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, akọ̀pẹ ará Erinje, fi ń wọn gbogbo ohun tó ga. Ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọ̀pẹ kan àbọ̀. Òṣùpá ńkọ́? Ẹgbẹ̀rún ọ̀pẹ ó dín márùn-ún. Èmi ni mo bá a kà á.

Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, àwọn ọmọ rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ gun ọ̀pẹ mọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń gbé Èkó ní ká wá wo ìlú náà láti orí ilé gíga kan. Bàbá gbé igbà rẹ̀ kọ́ èjìká, okùn tó fi ń gun ọ̀pẹ.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní, "Bàbá, ẹ̀rọ ló ń gbéni gòkè níbí o. Kí lẹ fẹ́ fi okùn ṣe?"

"Bí iná bá lọ, kí nìwọ máa fi sọ̀?"

Ẹ̀ṣọ́ rẹ́rìn-ín títí, ó ní kó kọjá.

Lókè téńté, mo rí ọ̀sà, mo rí Ìrèlè ìlú mi, mo rí ewúrẹ́ mi tó ń jẹ gbágùúdá tí ìyàwó mi sá. Bàbá wo ilẹ̀, ló bá pariwo bí ẹni tó fẹ́ gé ìdì ẹyìn: "Ẹ yàgò nísàlẹ̀ o!"

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀: "Ọ̀pẹ mẹ́rìnlá! Ṣé o rí i pé mo ṣì ń gùn?"

Igbà náà ti wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀ báyìí. Bí àlejò bá béèrè, á ní, "Òun ni mo fi gun Èkó." Wọ́n á wo ojú mi. Mo máa ń ní òótọ́ ni, ṣebí èmi ni mo di ìdí ilé náà mú kó má mì.