Alhaji Mùsílíù Kó Òdòdó sí Balùwẹ̀

Títí di òní, bí ẹ bá dárúkọ Alhaji Mùsílíù ní Iba, ẹ̀rín ni wọn yóò fi dá yín lóhùn, nítorí ọ̀rọ̀ balùwẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, Tọ́lá, ọmọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá lọ́dọ̀ rẹ̀, gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi dé balùwẹ̀, ó bá irinwó òdòdó kéékèèké nílẹ̀, lándílọ́ọ̀dù rẹ̀ sì lóṣòó láàárín wọn.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ní ẹ̀sáàmù ní aago mẹ́sàn-án.”

“Ìwọ ti lo ogún ọdún láyé. Àwọn yìí ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan. Ta ló yẹ kó ní sùúrù?”

Nígbà tó yá, ó gbà kí Tọ́lá wẹ̀, ṣùgbọ́n omi gbígbóná nìkan, kí fèrèsé sì wà ní títì. Alhaji dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

“Ṣé ooru omi yẹn ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́bàá ògiri?”

“Sà, ọṣẹ ti kó sí mi lójú!”

“Má jẹ́ kó ta sí wọn lára o!”

Inú ìgò ní láàbù ni wọ́n ti tọ́ àwọn òdòdó náà fún oṣù mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n sì tíì lò lóde. Wọn ò mọ afẹ́fẹ́, wọn ò mọ oòrùn. Abẹ́ ọ̀rá ni Alhaji máa ń tò wọ́n sí nínú ilé òdòdó rẹ̀, á máa ká ọ̀rá náà sókè ní ìwọ̀n ìka kan lójúmọ́, títí ara wọn á fi le. Sìkírátù ìyàwó rẹ̀ ló ṣàánú wọn, tó ká ọ̀rá kúrò pátápátá.

“Ẹ wò ó, wọ́n ń làágùn,” ó ní.

Ọyẹ́ fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀. Alhaji káwọ́ lérí. Iṣẹ́ oṣù mẹ́fà ló ń kú lọ yẹn.

“Sìkírá! O gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́rin sójú ọyẹ́ níhòòhò!”

Bó ṣe kó wọn sí balùwẹ̀ nìyẹn, kí ooru omi lè sọ wọ́n jí. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni gbogbo ayálégbé fi wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Kò sí ilé tí èèyàn ibẹ̀ mọ́ tó tiwọn ní gbogbo Iba. Mọ́kànlá péré ló kú nínú òdòdó. Alhaji ní kí ẹnikẹ́ni má yọ̀, òun ń ṣọ̀fọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, òun náà kú. Igba òdòdó tuntun ṣì wà lábẹ́ ọ̀rá. Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Sìkírátù fi àwọn àlejò sílẹ̀ nídìí oúnjẹ, ó lọ ká ọ̀rá sókè díẹ̀, kò tó ìka kan. Tọ́lá, tó wá kí i kú ará-fẹ́ra-kù, tẹ̀ lé e.

“Mà, ẹ jẹ́ n bá yín ká a sókè dáadáa. Ẹ lọ sinmi.”

“Rárá, ọmọ mi.” Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. “Wọn ò tíì mọ̀ pé ó ti lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni mo fẹ́ máa sọ ọ́ fún wọn.”