Ìbọn Tí Sabine Gbé Jáde Nílé

Obìnrin kan wà ní abà kan láàárín Bantè àti Savalou tó jẹ́ pé ẹ̀rù ìbọn ló fi ń sùn, ẹ̀rù ìbọn ló fi ń jí. Sabine lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ òrí ló ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbẹ, ara rẹ̀ kì í sì í ṣàìrùn èéfín.

Ọdẹ ni Jean-Baptiste ọkọ rẹ̀ nígbà tó wà láyé. Ọjọ́ tí tọkọtaya wọ ìjọ aláṣọ funfun ni Jean-Baptiste gbé ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ kọ́ sábẹ́ àjà, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Sabine kì í gbójú sókè wò ó. Bó bá ń gbálẹ̀ yàrá, orí rẹ̀ á wà nílẹ̀ ni. Ó ní òun ò lè jẹ́ kí sùtánà òun àti ìbọn sun yàrá kan náà láé. Inú àpótí ní ilé ìdáná ló wá ń kó sùtánà sí, títí èéfín fi fẹ́ẹ̀ sọ aṣọ Olúwa di aṣọ ọdẹ.

Ọdún kejì tí owó sẹ́fà já wálẹ̀, àwọn olè gba títì. Wọn á dá mọ́tò dúró, wọn á gba ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn èrò, wọn á sì wọgbó. Nígbà tó yá, wọn ò dúró sí títì mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́, ní ìdájí tí èèyàn ò lè rí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ nínú ìkùukùu, wọ́n gba ọ̀nà odò wọ abà Sabine, wọ́n sì yìnbọn pa Chitou tó máa ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀ ló kú sí, pákò ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Sabine wà lára àwọn tó gbé e wọlé.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, gbogbo abà pàdé. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ìbọn, ṣùgbọ́n ojú gbogbo wọn ń lọ sí ọ̀dọ̀ Sabine, nítorí ìbọn kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, tirẹ̀ ni.

"Ìyá," Issifou ló sọ ọ́ jáde. Télọ̀ ni Issifou, mùsùlùmí jẹ́jẹ́, ilé rẹ̀ kọjú sí ti Sabine. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ìbọn Bàbá kalẹ̀."

"Issifou ọmọ mi, mi ò lè gbé ìbọn. Jésù tí mò ń sìn ò ní kí n pa èèyàn."

Salimatou, ìyàwó Issifou, pàtẹ́wọ́. "Ta ló ní kí ẹ pa èèyàn? Ṣé kí àwọn èèyàn wá pa wá ni Jésù ní?"

Ìbẹ̀rù méjì ló ń fa Sabine. Ó ń bẹ̀rù àwọn olè, ó ń bẹ̀rù Ọlọ́run. Ó ronú díẹ̀, ó sì rí ibì kan tó dà bíi pé òun lè gbà yọ.

"Ẹ gbé e," ó ní. "Ẹ gbé e kúrò nílé mi. Ohun tí ẹ bá fi ṣe, ẹ̀yin lẹ mọ̀. Mi ò sí níbẹ̀."

"Háà! Ẹ gbọ́ Ìyá Àdúrà!" Salimatou bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì dùn. "Wọ́n á fi ọwọ́ mímọ́ wọ ọ̀run, ọkọ tèmi á máa gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Issifou gba ìbọn. Wọ́n wá fi òfin lélẹ̀: ìdájí ni Issifou á máa ṣọ́ ọ̀nà odò, ẹni tó bá ń ti odò bọ̀ gbọ́dọ̀ kígbe orúkọ ara rẹ̀ kó tó dé ìdí igi òrí ńlá. Ẹni tí kò bá dáhùn, olè ni. Sabine jókòó níbẹ̀ tí wọ́n ṣe òfin náà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó gbójú sókè wo àjà tó ti ṣófo, ó sì sùn bí ọmọdé.

Oorun náà ò pẹ́. Lọ́jọ́ ìsinmi, wòlíì ìjọ wọn ní Bantè ríran sí i. Ó ní òun rí ẹ̀jẹ̀ níwájú ilé rẹ̀. Ó ní kó wọ sùtánà, kó lọ pọn omi lódò ní ìdájí, kó fi wọ́n yí ilé ká. Kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń lọ, kò sì gbọdọ̀ la ẹnu sọ̀rọ̀ títí omi á fi délé. Bó bá sọ̀rọ̀, omi ti di omi lásán nìyẹn.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹni tó bá wọ sùtánà ní ìjọ wọn kì í wọ bàtà, nítorí náà ẹsẹ̀ Sabine ò dún nílẹ̀. Aṣọ rẹ̀ funfun, ìkùukùu ọyẹ́ funfun. Ìkòkò dúdú tó wà lórí rẹ̀ nìkan ni ojú lè rí, ó sì ń bọ̀ lókè lókè bí orí èèyàn tí kò ní ara. Sabine kò rántí òfin abà. Kí ẹnu rẹ̀ má ṣèèṣì là ló ń rò, títí ó fi dé ìtòsí igi òrí.

"Ta nìyẹn?"

Ó dá ohùn Issifou mọ̀. Ó dúró. Ó rò ó pé Issifou á mọ òun. Omi ń mì lórí rẹ̀.

"Ta nìyẹn? Dárúkọ rẹ!"

Ó gbé ọwọ́ sókè kí Issifou lè rí apá aṣọ rẹ̀. Issifou rí i pé ẹnì kan gbé nǹkan sókè. Nígbà náà ni Sabine gbọ́ kẹ́ẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ìyàwó ọdẹ ni, ó mọ ohun tó ń dún bẹ́ẹ̀. Kíá ló jọ̀wọ́ omi, ó jọ̀wọ́ wòlíì, ó la ẹnu kó pe orúkọ ara rẹ̀, ohùn ò sì jáde. Bí ó ti ń gbìyànjú báyìí ló ṣubú, ìkòkò fọ́, ìbọn sì dún gbòlà.

Ọta ìbọn gba òkè rẹ̀ kọjá. Ewé igi òrí ń já bọ́ lé e lẹ́yìn.

Issifou sáré dé, ó rí sùtánà. "Áláà! Ìyá! Mo ti pa Ìyá!"

"O ò pa mí," Sabine ní. Ohùn tó kọ̀ láti jáde tẹ́lẹ̀ wá ń jáde wàràwàrà. "O ò pa mí, omi ni, omi ló tutù lára mi, Issifou, o ò pa mí."

"Kí ló dé tí ẹ ò dáhùn?"

"Wòlíì ní n ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀."

"Wòlíì!" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà jókòó sínú ẹrẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Salimatou ti sáré dé. Ó wò wọ́n, ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan Sabine lórí, lápá, láyà, bóyá ẹ̀jẹ̀ wà. Nígbà tí kò rí i ló tó bínú.

"Ẹ̀ bá kú, ọkọ mi ni àwọn ọlọ́pàá jandámù máa dè lọ sí Savalou! Ìbọn yín ni! Ẹ bọ́ ọ kúrò lọ́rùn ara yín, ẹ fi kọ́ ọkọ mi lọ́rùn!"

Sabine bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àfọ́kù ìkòkò jọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Issifou gbé ìbọn ti ògiri Sabine níwájú gbogbo abà. Ó lóun ò ṣọ́nà mọ́. Wọ́n ní ta ló máa gbà á? Oníkálukú ń wo ilẹ̀. Sabine rò ó kó gbé e sọ sódò. Ó wo ìyàwó Chitou tó jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, kò lè sọ ọ́. Ó rò ó kó gbé e padà sábẹ́ àjà, òtútù mú un.

"Issifou, jọ̀ọ́, gbé e," ó ní. "Ṣùgbọ́n èmi náà á jókòó tì ọ́. Èmi ni n ó máa pe ẹni tó bá ń bọ̀, o ò sì ní fọwọ́ kàn án àfi tí mo bá ní ó yá. Bí a bá pa èèyàn, àwa méjèèjì la pa á. N ó sọ bẹ́ẹ̀ fún jandámù, n ó sọ bẹ́ẹ̀ fún Jésù."

"Ìyá, ṣé wòlíì yín á gbà?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí pẹ̀lú."

Ní ìdájí ó wọ aṣọ dúdú, ó lọ jókòó ti Issifou. Ìkùukùu bo ọ̀nà. Kò pẹ́ tí nǹkan fi ń rìn bọ̀ nínú rẹ̀, ó ń tẹ ewé gbígbẹ.

"Ta nìyẹn?" Sabine pè. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. Ẹnikẹ́ni ò dáhùn.

"Ìyá," Issifou ní, ó ti na ọwọ́ sí ìbọn. Sabine fi ọwọ́ tirẹ̀ tẹ ọwọ́ náà mọ́lẹ̀.

"Ta nìyẹn o? Jọ̀ọ́, bó o bá ń gbọ́ mi, sọ̀rọ̀! Bí wọ́n tilẹ̀ ní o ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, sọ̀rọ̀!"

Ó ń bọ̀. Ó sún mọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu Sabine, ó yá, ó yá, ó sì gbé e mì. Ló bá di pé ìwo méjì yọ nínú ìkùukùu: màlúù Fúlàní kan tó ṣáko, ó dúró, ó ń wò wọ́n.

Issifou rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá, ẹ ní kó dárúkọ ara rẹ̀!"

Sabine ò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ọwọ́ Issifou, ó fẹ́ gbé e kúrò, kò tíì lè gbé e.