Bàbá Fàyèsílẹ̀ àti Àga Ogójì

Ọjọ́ tí Bàbá Fàyèsílẹ̀ fi àga ogójì há ọ̀gá àgbà mọ́ yàrá ìpàdé ni ará ibi iṣẹ́ ìwádìí wọn ń rántí jù. Ọ̀gá fẹ́ ti iléru tí bàbá fi ń yọ́ gíláàsì pa. Ó ní ọdún mẹ́jọ rèé tí wọ́n ti ń wá gíláàsì tó lè gbé iná nínú bátìrì, gílóòbù kan kò tíì tàn.

Bàbá kò jiyàn. Ó fara balẹ̀ to àga, ó ní kí ọ̀gá gba àárín wọn kọjá. Ká má parọ́, ọ̀gá sanra. Ìlà kejì ló há sí. Bàbá bá ti àga síhìn-ín sọ́hùn-ún, wúruwùru, ọ̀gá sì kọjá.

“Bí inú gíláàsì ṣe rí nìyẹn, sà,” ni bàbá wí. “Ẹ̀yin lẹ̀rún kékeré tó ń gbé iná, àwọn ẹ̀rún yòókù ni àga. Bí wọ́n bá fún pọ̀, ẹ ò lè rìn. Kí wọ́n ṣá fàyè sílẹ̀.”

Ọ̀gá, tó ń fọwọ́ ra orúnkún, fún un láyè di ọjọ́ Ẹtì.

Ìgbà tí bàbá ń kó àga padà lọ̀rọ̀ náà tó yé òun fúnra rẹ̀. Àga tó fara balẹ̀ tò ló há. Èyí tó fìkánjú tì ló láyè. Bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń jẹ́ kí gíláàsì tutù, kó má baà sán, àwọn ẹ̀rún inú rẹ̀ á sì ráyè tò fún pọ̀. Ó da èyí tó gbóná sórí irin tútù, ó fi irin mìíràn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fọ́. Ìyá tó ń bá a ṣọ́ iléru rán an létí pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

“Ọdún mẹ́jọ ni mo fi fẹ̀sọ̀ mú un,” ni bàbá fèsì. “Ẹ̀sọ̀ náà ló bà á jẹ́.”

Ó tún un dà, ó tún un tẹ̀; ìkarùn-ún ni kò fọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó mú un lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, ó so wáyà mọ́ ọn, gílóòbù tàn yòò. Iléru yè. Bàbá fi páálí ìṣáná gbé gíláàsì náà relé, gbogbo ẹni tó pàdé ló fi hàn. Ìyàwó rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò títí.

“Bàbá wọn, ṣé èékánná yìí lẹ ń wá láti ọdún mẹ́jọ?”

Inú bàbá dùn débi pé kò mọ̀ pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Láti ìgbà náà, bí obìnrin tó ń gbálẹ̀ yàrá ìpàdé bá to àga, bàbá á tú u. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ja ìjà yìí, obìnrin náà kò borí rí.

Nígbà tí bàbá kú, tí wọ́n pé jọ sí yàrá ìpàdé láti rántí rẹ̀, àga tò geere, bí obìnrin náà ṣe ń fẹ́. Ó wò wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n kúrò lára ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àárò bàbá sọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Ọ̀gá àgbà náà dìde, ó bá a fà wọ́n, ó sì gba àárín wọn kọjá lọ tan gílóòbù tí wọ́n so mọ́ gíláàsì bàbá.