Ọjọ́ Tí Káfíńtà Ń Kó Ìṣó Padà Sẹ́nu

"Wọ́n ti ba orúkọ bàbá wa jẹ́!"

Àlàájì Múfú ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní pálọ̀ mi, àgbàlagbà tó ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún. Ó na ìka sí tẹlifíṣọ̀n mi. Lórí tẹlifíṣọ̀n náà, bàbá rẹ̀ tó ti kú tipẹ́tipẹ́ jókòó sórí òrùlé onílé, ó ń tú u. Òòlù rẹ̀ kan ìṣó, ìṣó yọ sókè. Ó tún kàn án, ó tún yọ. Nígbà tó yọ tán, bàbá fi ìka méjì mú un, ó fi í sẹ́nu, ó bọ́ sórí òmíràn.

"Bàbá wa kì í ṣe olè páànù!" ni Àlàájì tún kígbe. "Bàbá wa kì í sì í jẹ ìṣó!"

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ, kí ẹ lè mọ bí mo ṣe kó ara mi sí i.

Tísà físíìsì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, bí ẹ bá rí géńdé ọkùnrin tó rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, tó ní kí ọlọ́kadà ya gba ọ̀nà mìíràn, ọmọ kíláàsì mi ni. N kì í gba ìgbàkugbà. Ṣùgbọ́n ìfẹ̀yìntì sú mi láàárín oṣù mẹ́ta. Ọkọ mi, Bàbá Tóyìn, ní kí n máa sin adìẹ. Mo ní adìẹ kì í gbọ́ ìbáwí. Bàbá oníṣẹ́ fọ́tò kan ní Sábó ló wá kọ́ mi níṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí: gbígbé fíìmù àtijọ́, àwọn tín-ín-rín tí kò fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò, sínú kọ̀ǹpútà.

Iṣẹ́ náà kò le bí ẹ bá ní sùúrù. Wọ́n ká fíìmù mọ́ rọ́ọ̀lù bí ìgbà tí wọ́n ká òwú. Ihò wẹ́wẹ́ wà létí rẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń fà á. Àwòrán kéékèèké ló tò sórí rẹ̀, mẹ́rìndínlógún fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú wa ló ń tàn wá pé wọ́n ń rìn. Mo ra ẹ̀rọ sinimá àlòkù kan, mo yọ gílóòbù rẹ̀ tó gbóná bí iná ààrò, mo fi iná tọ́ọ̀ṣì dípò rẹ̀. Mo so ẹ̀rọ kékeré inú máṣíìnì ìránṣọ mi mọ́ ọn kó lè máa fà á jẹ́jẹ́, mo gbé kámẹ́rà sí iwájú rẹ̀. Bó bá ti fa àwòrán kan dé ojú ihò, kámẹ́rà á yà á. Rọ́ọ̀lù kan lè tó àwòrán ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Orí tábìlì ìjẹun ni mo to gbogbo rẹ̀ sí, Bàbá Tóyìn sì ti ń jẹun lórí itan láti ìgbà náà.

Òfin méjì ni ọ̀gá mi ní Sábó fún mi. Èkíní, kí n kọ́kọ́ gbóòórùn fíìmù. Bó bá ti ń kan bí ògì tí wọn ò yí omi rẹ̀, ó ti ń kú lọ nìyẹn, kí n má fi ipá fà á. Èkejì, kí n má fi ohun tí mi ò tíì wò han ẹnikẹ́ni. Òfin kejì yìí ni mo tẹ̀ lójú.

Láti Ọ̀yọ́ ni Àlàájì Múfú ti gbé rọ́ọ̀lù kan wá nínú agolo bisikíìtì. Káfíńtà ni bàbá wọn. Ó wá kan òrùlé fún tísà òyìnbó kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, òyìnbó náà sì yà á ní fíìmù. Kò pẹ́ sígbà náà ni àìsàn gbé bàbá lọ, ìyàwó rẹ̀ ṣì wà nínú oyún. Kò sí fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo nílé. Ọmọ òyìnbó náà ló wá bá fíìmù yìí nínú ẹrù bàbá tirẹ̀, ló bá wá wọn rí, ó sì fi í ránṣẹ́.

Ọmọ tí ìyá wọn bí lẹ́yìn ikú bàbá, Babárímisá ni wọ́n sọ ọ́, bí a ṣe máa ń sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀: bàbá rí i, ó sá. Wọ́n fún un ní Làmídì náà, ṣùgbọ́n ta ló ń pe Làmídì? Òun nìkan ló gba iṣẹ́ bàbá wọn. Orí rẹ̀ ti funfun báyìí, kò sì mọ ojú ẹni tó bí i. Ọjọ́ tí wọ́n gbé agolo wá, ìbéèrè kan péré ló bi mí.

"Mà, ṣé ojú ẹ̀ á hàn?"

"Á hàn."

"Ó dáa, mà."

Ìyá wọn náà wà ńlẹ̀. Ojú kan ti fọ́, wọ́n sì fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ sí ìkejì. Ìyá ní òun gbọ́dọ̀ rí ọkọ òun kí wọ́n tó fọwọ́ kan ojú kan tó kù, torí dókítà kì í ṣe Ọlọ́run.

Nígbà tí mo ṣí agolo, òórùn náà lé Bàbá Tóyìn jáde. Mo rọra fi fíìmù náà sẹ́nu ẹ̀rọ. Nígbà tí àwòrán àkọ́kọ́ dé inú kọ̀ǹpútà, ó dorí kodò. Mo yí i padà, ó dúró dáadáa, mo sì yin ara mi. Èmi tí mo ti na ọmọ ọlọ́mọ torí pé kò béèrè pé "kí ló fà á?" Mi ò béèrè. Ọjọ́ méjì ni mo fi yà á tán.

Sátidé la jọ dá. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo gbọ́ "Asalamu alaekun" lẹ́nu ọ̀nà. Àlàájì, Babárímisá àti Ìyá ló dé; ilé ìwòsàn ti fa iṣẹ́ abẹ Ìyá wá sí ọ̀la. Mi ò tíì wo fíìmù náà, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ lé arúgbó padà sí Ọ̀yọ́? Mo tàn án.

Ojú ọkùnrin kan kún tẹlifíṣọ̀n bámúbámú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá!" Àlàájì na gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì mi. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà!"

Bàbá tó ti kú láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún! Babárímisá náà na gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n dojú bolẹ̀, wọ́n ń kí tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹ gbé orí sókè, ẹ̀yin aláìlóye wọ̀nyí!" ni Ìyá pariwo. "Ṣé kápẹ́ẹ̀tì lẹ wá wò?"

Nígbà tí Babárímisá fi máa gbójú sókè, bàbá rẹ̀ ti ń fẹ̀yìn rìn lọ. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fà sẹ́yìn, ó ń fà sẹ́yìn, títí tó fi fẹ̀yìn gun àkàbà, tó bọ́ sórí òrùlé. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú páànù, tí Àlàájì fi ń pariwo olè.

Babárímisá kò pariwo. Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀.

"Orúkọ mi ò parọ́," ló wí. "Ó rí mi, ó sá." Ó kọjá sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wá bàtà rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Ẹni tó ká fíìmù náà kẹ́yìn kò ká a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni mo fi sẹ́nu ẹ̀rọ, kì í ṣe orí. Ìdí nìyẹn tó fi dorí kodò, tí bàbá sì fi ń ṣe gbogbo nǹkan sẹ́yìn.

"Babárímisá! Jókòó!"

Ohùn kíláàsì ni mo fi sọ ọ́. Àlàájì jókòó. Bàbá Tóyìn tó ń jẹ ẹ̀bà jẹ́jẹ́ rẹ̀ dìde, ó tún jókòó. Babárímisá nìkan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́.

Mo bẹ̀ wọ́n, mo ṣàlàyé. Mo ní kọ̀ǹpútà máa tò ó padà, ṣùgbọ́n arúgbó lòun náà, á gbà tó ogún ìṣẹ́jú. Àlàájì ní òyìnbó ni mo ń gbè lẹ́yìn. Mo bá mú fóònù mi, mo na píọ̀ wọ́tà kan sí i.

"Àlàájì, ẹ mu omi."

Ó mu ún, mo yà á, mo sì fi í hàn án láti ẹ̀yìn wá. Àlàájì rí ara rẹ̀ tó ń pọ omi látẹnu padà sínú ọ̀rá, tí ọ̀rá ń wú, tó sì fi eyín dí i pa.

"Subuhánálláhì!" Ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́. Ló bá ní kí n tún ya òun níbi tóun ti ń bọ́ agbádá. Bàbá Tóyìn gbé abọ́ rẹ̀ dé, ó ní kí n ya òun náà. Òkèlè ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀bà ń ga sí i nínú abọ́.

"Ìyá Tóyìn," ló wí, "irú oúnjẹ yìí ló yẹ kí o máa sè."

"Ẹ̀yin ọkùnrin," ni Ìyá wí, "ọ̀la ni wọ́n fẹ́ la ojú mi o."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà parí. Mo wo èyí fúnra mi ná, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí n tó yí tẹlifíṣọ̀n sí wọn.

Bàbá wà lórí òrùlé, ìṣó tò sí ètè rẹ̀. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kàn wọ́n wọlé.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni," ni Ìyá wí. "Ìṣó kì í jẹ́ kó dá mi lóhùn."

Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó gbọn ọwọ́, ó sì ń bọ̀. Babárímisá ti jáwọ́ nínú bàtà, ó ti dé àárín pálọ̀. Orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀ nígbà tí Ìyá di bùbá rẹ̀ mú.

"Má dọ̀bálẹ̀. Wò ó."

Ó wò ó. Bàbá ń bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, èjí rẹ̀ hàn, èjí Babárímisá gan-an, ó ń bọ̀ títí ojú rẹ̀ fi kún tẹlifíṣọ̀n. Omi bọ́ lójú èmi tí wọ́n ń pè ní òǹrorò. Fíìmù tán, tẹlifíṣọ̀n funfun.

"Ó ti rí ẹ," ni Ìyá wí. "Ṣé o rí i pé kò sá?"

Babárímisá nu ojú, ó yíjú sí mi.

"Mà, tàkọ́kọ́ yẹn, ṣé ẹ ti pa á rẹ́?"

Ojú tì mí. Mo ní kó má bínú, màá pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀.

"Rárá, mà! Ẹ fi sí i." Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó sá lọ ná, kó lè tún máa bọ̀."