Ọdún Tí Wọ́n Bí Súbérù

Ìgbà kẹta rèé láàárín oṣù kan tí Ràúdátù ń dé bíró àwọn akọ̀wé ní Sakété. Gàárì ló ń tà. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń gbé e kọjá sí ìhà Nàìjíríà láìsí ẹni tó bi í pé níbo ló ti wá. Ṣùgbọ́n òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé ti pé ọdún mẹ́ta báyìí, ìwé sì ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè ń béèrè.

“Ọdún wo ni wọ́n bí bàbá bàbá yín?” Akọ̀wé tó ń jẹ́ Bonaventure ló bi í, Yorùbá rẹ̀ ní ohùn Ègùn nínú. “Mo ní láti fi hàn pé ọmọ ilẹ̀ yìí ni wọ́n.”

Ràúdátù ò mọ̀. Bó ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Pobè nìyẹn, sọ́dọ̀ Ìyá Àsíátù, àbúrò Súbérù, bàbá bàbá rẹ̀. Súbérù kú lọ́dún òmìnira gan-an. Ohun tí gbogbo ilé mọ̀ mọ́ ọn ò ju pé ó sá fún ogun Jámánì lọ.

Ìyá Àsíátù ń bẹ ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

“Ta ló ń ka ọdún nígbà náà, ọmọ mi? Nígbà tí wọ́n ń tẹ́ ojú irin dé Pobè, ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́yàwó. Iṣẹ́ túláàsì yẹn ló ba èjìká wọn jẹ́. Kò pẹ́ ni ogun dé, àwọn Faransé ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ọkùnrin kan wá.”

“Bàbá wá sá.”

“Wọ́n sá lọ sí ìhà Nàìjíríà, lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àwọn sójà ò bá wọn nílé, Mùíbì, àbúrò wọn, ni wọ́n dè lọ.” Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. “Mùíbì ò padà.”

Ràúdátù ò gbọ́ èyí rí. Ó rántí pé lọ́dọọdún, kí Súbérù tó fọwọ́ kan oko tirẹ̀, abúlé Towé ló máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ láti ro oko ìyá àgbàlagbà kan, títí tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀.

“Ìyá Towé ńkọ́?”

“Ìyàwó Mùíbì ni. Ó ju ogójì ọdún lọ tí ẹ̀gbọ́n mi fi ro oko yẹn. Obìnrin náà á gbé omi sílẹ̀ fún wọn lẹ́bàá oko, á sì wọlé. Kò bá wọn sọ̀rọ̀ títí ó fi kú.”

Nígbà tí Ràúdátù padà dé Sakété, orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí títí oòrùn fi kan àtàrí. Ó ti pinnu pé òun á ro gbogbo rẹ̀ fún akọ̀wé náà. Àmọ́ nígbà tó kàn án, ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ẹnu rẹ̀ wúwo.

“Wọ́n ti fẹ́yàwó nígbà tí ojú irin dé Pobè,” ló sọ. “Àgbẹ̀ ni wọ́n.”

Bonaventure ṣírò díẹ̀, ó kọ ọ́ pé ní nǹkan bí 1890 ni wọ́n bí Súbérù, ó sì lu òǹtẹ̀.

“Ó tán, Ìyá.”

“Ó tán?”

“Ó tán.”

Ràúdátù ká ìwé náà sínú gèlè. Ọkọ̀ tó ń lọ sí ẹnubodè ti gbéra nígbà tó dé ìdí ẹrù rẹ̀. Ó jókòó lé àpò gàárì, ó na ẹsẹ̀ tó ti wú, ó ń dúró de òmíràn.