Ẹnì Kan Ṣoṣo Tó Mọ Òkú Wẹ̀

Nígbà tí ìwé àṣẹ ìjáde tẹ Mozelle Hayeem lọ́wọ́, àwọn Júù tó kù ní ìlú Rangoon ò ju ogún lọ. Àwọn yòókù ti kó lọ lẹ́yìn tí ìjọba ológun gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ oníkálukú. Saleh, àbúrò rẹ̀, ti wà ní Sydney. Oṣù mẹ́ta péré ni ìwé náà ní. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó di ìwé lásán.

Mozelle ti di ẹrù rẹ̀. Àmọ́ nínú gbogbo obìnrin tó kù, òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ òkú obìnrin ní ìlànà àwọn baba wọn. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ, nínú ilé kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà itẹ́ òkú wọn.

Màmá Habiba, opó télọ̀ tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn. Ó ránṣẹ́ pè é.

"Wọ́n ní o ń lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ó dáa. Ta ló máa wá wẹ̀ mí? Ṣé Saul ni, bàbá arúgbó tí kò lè bọ́ ẹ̀wù ara ẹ̀?"

"Màmá, ẹ ò tíì kú."

"Mi ò ní pẹ́ kú. Dúró dè mí díẹ̀, ọmọ mi. Má jẹ́ kí ọwọ́ àjèjì kàn mí."

Mozelle gbà. Ó rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, arúgbó náà dìde jókòó, ó ní kí wọ́n ra núdù olómi àgbọn wá, ó jẹ ẹ́ tán, ó lá abọ́.

"Ikú ti ṣìnà," ló wí. "Ó ń wá mi kiri ní Sydney."

Mozelle rẹ́rìn-ín. Nígbà tó délé, ó jókòó sórí àpótí ẹrù rẹ̀, ó ka iye ọjọ́ tó kù fún ìwé náà. Láràárọ̀, kó tó wọlé Habiba, ó máa ń kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà tẹ́tí, bóyá èémí ti dúró. Ó mọ ohun tí òun ń retí, ó sì ń tì í lójú. Bí ẹyẹ tó kó sí okùn ló rí: bó ṣe ń jà ni okùn ń fún un sí i.

Saleh kọ̀wé sí i pé, "Ṣé òkú lo fẹ́ fi ṣe ọkọ ni?"

Letchimi, obìnrin ẹ̀yà Tamil tó jẹ́ ìyàwó ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀ sàréè, ní, "Àǹtí, ẹ kọ́ mi, kí ẹ máa lọ." Habiba gbọ́, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní èèyàn dáadáa ni Letchimi, àmọ́ kì í ṣe Júù.

Ọjọ́ tí ìwé àṣẹ náà máa parí pé. Mozelle ń fi síbí bu omi ìrẹsì sí arúgbó náà lẹ́nu nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú kọjá lókè.

"Ṣé òní ni?" Habiba béèrè.

"Òní ni, Màmá."

Arúgbó náà ti síbí sẹ́yìn. "Mo ti ṣẹ̀ ọ́."

Mozelle gbé síbí sílẹ̀. Ó nu ẹnu rẹ̀ fún un.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn ìyẹn ni Habiba kú. Letchimi gbé omi dé ẹnu ọ̀nà, Mozelle nìkan ló wẹ̀ ẹ́, ó wọ̀ ọ́ láṣọ funfun. Ọkùnrin mẹ́wàá ló yẹ kó wà níbi àdúrà. Méje ni wọ́n rí.

Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ, akọ̀wé ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Fáìlì yín ti kú, Màmá. Ẹ kọ òmíràn." Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kọ òmíràn. Ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ kan, ó ṣí ilẹ̀kùn ilé kékeré náà, ó pe Letchimi.

"Wọlé wá, kí n fi hàn ọ́."

"Wọ́n ní èmi kì í ṣe Júù, Àǹtí."

"Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ti kú tán. Èmi ló kù."

Ọdún méjìlélógún lẹ́yìn ìyẹn ni Mozelle kú, ní Rangoon náà. Letchimi ló wẹ̀ ẹ́. Nígbà tó parí, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òkú, bóyá ó ti ṣẹ̀ ẹ́ níbi ìwẹ̀ náà, bí Mozelle ṣe kọ́ ọ. Èdè Tamil ló fi sọ ọ́, torí kò gbọ́ Hébérù.